Ọjọ́ Orò, owó WAEC àti ọmọ SS2 kan: bí ìwé ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan ṣe rí ẹsẹ̀ dúró ní Ìkòròdú

Olùkọ́ èdè Yorùbá kan ní apá Ìgbógbo, ní Ìkòròdú, ló kọ ìwé tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni, fún àwọn ọmọ ọdún 13 sí 18. Owó ìforúkọsílẹ̀ WAEC àwọn ọmọ SS3 ló pòórá nínú dúrọ́ọ̀ akápò ilé-ìwé, wọ́n sì di ẹ̀bi ru ọmọkùnrin kan tó ń mójú tó láíbìrì. Ta ló gbé owó? Orí 24 ni ìwé náà fi ń wá ìdáhùn. Èdè rẹ̀ mọ́, àkọtọ́ rẹ̀ pé, ẹni tó kọ ọ́ sì mọ ìlú rẹ̀ dáadáa. Síbẹ̀ ilé ìtẹ̀wé méjì dá a padà. Èyí tó ṣàlàyé nínú wọn ní kò sí ohun tó ń fa èèyàn láti orí kan bọ́ sí òmíràn.

Iṣẹ́ olóòtú ni mò ń ṣe, ìwé àwọn ọ̀dọ́ sì pọ̀ nínú ohun tó ń gba ọwọ́ mi kọjá. Mo ń kọ ọ̀rọ̀ ìwé yìí sílẹ̀ ní kíkún nítorí pé àléébù tó wà nínú rẹ̀ ló wà nínú èyí tó pọ̀ jù lára àwọn tí mò ń rí, àti nítorí pé ibi tí àtúnṣe ti wá kì í ṣe ibi tí ẹnikẹ́ni nínú wa ń wò. Òǹkọ̀wé náà gbà kí n sọ gbogbo rẹ̀, títí kan ẹni tó jalè. Kò kàn fẹ́ kí n dárúkọ òun ni.

Ọlọ́pàá tó gba ìtàn lọ́wọ́ àwọn ọmọ

Nínú ẹ̀dà àkọ́kọ́, ọ̀gá ọlọ́pàá kan tó ti fẹ̀yìn tì ni ọ̀gá ilé-ìwé ránṣẹ́ pè. Òun ló ń bi akápò léèrè ọ̀rọ̀, òun ló ń yẹ kọ́kọ́rọ́ wò, òun ló mú olè ní orí 23. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ inú ìwé ń kọ́? Wọ́n ń gbé àga fún un. Ọmọbìnrin SS2 tó yẹ kó jẹ́ akọni ìtàn, ojú fèrèsé ló ti ń wo gbogbo rẹ̀.

Ibi tí òǹkọ̀wé ti rí àpẹẹrẹ ò ṣòro láti mọ̀. Ẹni tó bá ti ń ka ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ lédè Yorùbá láti kékeré, Lápàdé ni yóò kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn, ọlọ́pàá àná tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí fi ṣe akọni Àjà Ló Lẹrù lọ́dún 1969. Àgbàlagbà ni Lápàdé. Ibi tó bá wù ú ló lè lọ, ẹni tó bá wù ú ló lè bi léèrè ọ̀rọ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀ nínú ìwé àgbà. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 15 tó gbé ìwé ilé-ìwé dání fẹ́ mọ ohun tí òun ì bá ṣe, ká ní òun ni ọ̀rọ̀ dé bá.

Òǹkọ̀wé yọ ọlọ́pàá náà kúrò, ó sì gbé iṣẹ́ rẹ̀ fún ọmọ SS2. Nígbà tí ìwé tún dé, ọmọbìnrin náà ti ń pe akápò síta, ó ń bi ọ̀gá ilé-ìwé ní ibi tó wà ní aago mẹ́jọ alẹ́, ó ń wọ ọ́fíìsì jáde wọ ọ́fíìsì. A kó orí mélòó kan fún àwọn ọmọ SS1 àti SS2 tí wọ́n máa ń péjọ kàwé ní ọjọ́ Sátidé nítòsí Sábo, a sì jókòó tì wọ́n.

“Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ilé-ìwé wo nìyí?” Ọmọkùnrin kan ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. “Tí mo bá bi akápò wa níbi tí wọ́n wà lálẹ́ àná, ìgbátí ni èsì tí màá kọ́kọ́ gbà.”

“Wọn ò tiẹ̀ ní jẹ́ kó débẹ̀,” ni ọmọbìnrin tó jókòó tì í wí. “Iwájú ọ́fíìsì ni wọ́n á ti ní kó kúnlẹ̀.”

Ẹ̀kẹta ní ọ̀rọ̀ tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwé pe ilé-ìwé náà ní ti ìjọba, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ló sì ń san owó WAEC fún àwọn ọmọ ilé-ìwé ìjọba. Owó wo ló wá sọnù? Òǹkọ̀wé kò bá a jiyàn. Ó sọ ilé-ìwé náà di ti aládàáni, kékeré kan tó wà ní ẹ̀yìn ọjà, tí àwọn òbí ti ń kó owó wá lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí ìforúkọsílẹ̀ fẹ́ parí. Àtúnṣe kékeré ni lójú wa nígbà náà, ṣùgbọ́n ilé-ìwé aládàáni lè jẹ olùkọ́ ní owó oṣù mẹ́ta, kó má sì sí ohun tí olùkọ́ náà lè ṣe. Ohun tó ran ìwé náà lọ́wọ́ jù lọ nígbẹ̀yìn nìyẹn, màá dé ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìkúnlẹ̀ yẹn ló mú mi lọ́kàn. Nínú ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó jẹ́ ti ilé-ìwé, ohun tí ọmọ kò lè ṣe ni ẹ́ńjìnnì ìtàn. Kò lè kúrò ní kíláàsì láì gba àyè. Kò lè wo àgbà lójú kó ní irọ́ lẹ ń pa. Kò lè pẹ́ níta, kò lè mú fóònù wá sí ilé-ìwé, bó bá sì sọ òtítọ́, wọ́n á bi í pé ta ló rán an. Òǹkọ̀wé tó bá mú gbogbo ìdènà wọ̀nyí kúrò kí ọmọ lè rí àyè ṣe ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ti pa ìtàn rẹ̀ lọ́wọ́ ara rẹ̀. Ọmọ náà sì ní ohun tí àgbà ò ní. Kò sí yàrá tí wọn kì í rán an dé: yàrá àwọn olùkọ́, ilé oúnjẹ, ẹ̀yìn ọ́fíìsì níbi tí wọ́n ti ń pọn omi. Àgbà kì í ṣọ́ ẹnu níwájú ọmọ tó ń gbálẹ̀. Ó mọ fèrèsé tí kò ṣeé tì, ó mọ olùkọ́ tó ń yá owó lọ́wọ́ ìyá olóúnjẹ. Bí wọ́n bá sì ní kó kúnlẹ̀ síwájú yàrá àwọn olùkọ́, yóò rí ohun tí ẹni tó dúró kò ní rí.

Gbólóhùn kan láti ẹnu ọmọbìnrin kan

Orò wà nínú ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀, àmọ́ bí ọ̀ṣọ́ ni. Ní orí 5, òǹkọ̀wé sọ pé wọ́n fún àwọn ọmọ ní ìsinmi Ọjọ́bọ̀ nítorí Orò, ó sọ bí ọjà ṣe dá páropáro, ó sì kọjá lọ. Kò sí ọmọ Ìkòròdú tí kò mọ irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ti kéde ṣáájú, àwọn ìyá á ti ra ohun tí wọ́n máa sè sílẹ̀, obìnrin tó bá ń ti Mile 12 bọ̀ á tètè wá ọkọ̀ wọ̀. Bó bá ti di àkókò, obìnrin kò gbọdọ̀ sí níta. Nínú ìwé, ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú ni akápò ka owó kẹ́yìn, àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ṣí dúrọ́ọ̀ tí wọ́n bá a lófìfo.

A bi àwọn ọmọ náà pé ta ni wọ́n ń fura sí. Ọmọbìnrin kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀ ló dáhùn: “Ṣebí Orò wà níta lọ́jọ́ náà? Ọkùnrin ló jí i nìyẹn.”

Gbogbo wọn ní bẹ́ẹ̀ ni. Lójú wa báyìí ni wọ́n yọ gbogbo obìnrin inú ìwé náà kúrò lára àwọn tí wọ́n ń fura sí: ìyá olóúnjẹ, akápò, àwọn olùkọ́ obìnrin, kò ṣẹ́ ku ẹyọ kan. Wọn ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Òǹkọ̀wé wò mí, èmi náà wò ó.

Ohun tó ṣòro jù nínú irú ìtàn yìí ni kí o mú kí òǹkàwé wo ibòmíràn láì purọ́ fún un. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi agbára ṣe é. Wọ́n á mú ọkùnrin kan tí ojú rẹ̀ pọ́n wọ inú ìtàn, tó ń rìn kiri ibi tí kò kàn án, kí òǹkàwé lè rò pé òun ni. Ọmọ ọdún 14 ti mọ ọgbọ́n yẹn tipẹ́. Ṣùgbọ́n èrò tí òǹkàwé fúnra rẹ̀ gbé ti ilé wá, kò sí bó ṣe máa fura sí i. Kò sí ibi tí ìwé ti sọ pé obìnrin kò lè jalè lọ́jọ́ Orò. Àwọn ọmọ ló sọ ọ́.

Orò ní kí obìnrin má jáde. Kò ní kó wà nílé ara rẹ̀. Àárín gbólóhùn méjì yìí ni òǹkọ̀wé tún ìwé rẹ̀ kọ́ sí.

Nínú ẹ̀dà tuntun, obìnrin kan padà wọ yàrá akápò ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, nígbà tí gbogbo èèyàn rò pé ó ti lọ. Máígádì, tó jẹ́ ọmọ ìlú, tètè fi àgádágodo ti géètì láti ìta kó lè dé ibi tí wọ́n ti ń retí rẹ̀. Obìnrin náà há sínú ilé-ìwé. Kò lè pariwo: kí ni yóò ní òun ń wá níbẹ̀? Kò lè fo ògiri, nítorí ilẹ̀ ti ṣú, Orò sì ti jáde. Ó wà níbẹ̀ ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ pẹ̀lú owó nínú báàgì, títí géètì fi ṣí láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Òfin tó yọ ọ́ kúrò nínú ìfura ló tì í mọ́bẹ̀. Ọmọkùnrin láíbìrì ní tirẹ̀ fo ògiri wọlé ní Ọjọ́bọ̀ lóòótọ́, láti mú ìwé tó gbàgbé, ẹnì kan sì rí i. Ó ní òun gbọ́ ìró agolo nínú yàrá àwọn olùkọ́, ẹ̀rù sì ba òun, òun sá. Wọ́n ní irọ́ ló ń pa. Ta ni ì bá wà níbẹ̀ lọ́jọ́ Orò?

Kí n dúró díẹ̀ lórí Orò. Ẹ̀dà kan wà tí òǹkọ̀wé ti jẹ́ kí ọmọkùnrin náà rìn kọjá ibi tí Orò wà, ó sì ṣàpèjúwe ohun tó rí. Bàbá kan tó jẹ́ ọmọ bíbí ìlú, tó ń bá wa ka àwọn orí náà, fọwọ́ lé ojú ìwé yẹn, ó ní, “Ìwé yín ò nílò èyí.” Òótọ́ ni bàbá sọ, yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ tó kàn án. Òfin ọjọ́ náà ni ìtàn ń lò, kò lo ohun tó wà nínú awo. Ọmọbìnrin ló ń sọ ìtàn, ohun tí ọmọbìnrin sì mọ̀ nípa ọjọ́ Orò ni ilẹ̀kùn tí wọ́n tì, fóònù ìyá rẹ̀ tí wọ́n ń dákẹ́ lò, àti ohùn tó ń gba òkèèrè bọ̀. Òǹkọ̀wé yọ ojú ìwé yẹn, ó fi yàrá tí ọmọbìnrin náà jókòó sí rọ́pò rẹ̀, ẹ̀rù ojú ìwé náà sì lé sí i.

Wòlíì tó rí olè

Bí ọmọ SS2 yóò ṣe wá mọ òtítọ́ ni ìṣòro tó kàn. Ohun tí òǹkọ̀wé kọ́kọ́ kọ ni pé ìyá ọmọkùnrin tí wọ́n fi ẹ̀sùn kàn lọ sọ́dọ̀ wòlíì kan létí omi, wòlíì rí obìnrin kan nínú ìran, ó sọ àwọ̀ aṣọ rẹ̀, ó tán.

Mi ò tíì rí kí àwọn ọmọ bínú sí ìwé tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan pa á dé. “Kí ni mo wá ń ronú fún láti orí 1?” ni ó wí. Àwọn míì ní bí wòlíì bá ti mọ̀ ọ́n, kí wọ́n ti lọ bá a ní ọjọ́ Ẹtì.

Lọ́dún 1929, Ronald Knox, òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, kọ òfin mẹ́wàá sílẹ̀ fún àwọn tó ń kọ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Ọ̀kan ní kí ọ̀daràn ti fara hàn ní ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn. Òmíràn ní kí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ má fi àmì tó rí pamọ́ fún òǹkàwé. Òmíràn sì ní kí agbára àìrí má dá sí i rárá. Àlùfáà Kátólíìkì ni Knox o. Kì í ṣe pé kò gba ọ̀run gbọ́. Ó mọ̀ pé òǹkàwé ń bá ìwé díje ni, kò sì sí ẹni tó lè bá ọ̀run díje.

Èmi ò fara mọ́ ọn pé kí a yọ wòlíì kúrò, bí Knox ì bá ṣe wí. Ìyá tí wọ́n fẹ́ lé ọmọ rẹ̀ kúrò nílé-ìwé ní Ìkòròdú yóò lọ sọ́dọ̀ wòlíì, tàbí ààfáà, tàbí babaláwo. Ìwé tí kò bá jẹ́ kó lọ kò mọ ìyá náà. Òǹkọ̀wé, tó jẹ́ ọmọ ìjọ gidi, kò sì fẹ́ kí wòlíì inú ìwé òun purọ́. Ibi tó gbé e gbà ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí. Wòlíì gbàdúrà, ó dákẹ́, ó ní: “Ohun tí ẹ ń wá, kò jáde.” Gbogbo èèyàn gbọ́ ọ pé owó ṣì wà nílé ọmọkùnrin náà. Wọ́n tú ilé ìyá rẹ̀ wò dé abẹ́ ẹní, ojú tì wọ́n ládùúgbò. Òtítọ́ ni wòlíì sọ, owó náà kò jáde nílé-ìwé lọ́jọ́ Orò, àwọn ló gbọ́ ọ sódì. Ọmọ tó bá ka ìwé náà tán, tó padà sí gbólóhùn yẹn, orí rẹ̀ á wú.

Ibi tí àmì sá pamọ́ sí

Nínú ẹ̀dà kejì, gbogbo ìgbà tí àmì bá wà, òǹkọ̀wé máa ń dúró níwájú rẹ̀. “Ó ṣàkíyèsí pé...” “Ọ̀rọ̀ náà yà á lẹ́nu...” Àwọn ọmọ ń fi bírò fa ìlà sábẹ́ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ti mọ olè kí ìwé tó dé àárín. Ohun tó yẹ ni pé kí akọni ní ìṣòro mìíràn tó le jù àmì náà lọ ní àkókò tí àmì bá ń kọjá. Ọ̀rọ̀ ìkúnlẹ̀ tí ọmọbìnrin yẹn sọ nítòsí Sábo ló di ojú ìwé yìí, tí òǹkọ̀wé ní kí n fi hàn:

“Èmi ni ẹnì karùn-ún lórí ìlà. Orúnkún mi wà nínú iyanrìn, ọwọ́ mi wà lókè. Ọmọ JSS1 tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń sunkún pé òun ò pẹ́, òun ti wà níta géètì láti bí aago méje ṣe ń lọ lù, máígádì ni kò tètè wá ṣí i. Ẹnikẹ́ni ò dá a lóhùn. Kọ́pà jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé agolo dání, ó ń bi gbogbo ayé pé ta ló fá gàrí òun. ‘Eku ni,’ ni Àǹtí Lítíréṣọ̀ wí, wọ́n sì na ìwé táwọn olùkọ́ ń fọwọ́ sí sí Ọ̀gá Físíìsì. Ọ̀gá Físíìsì ṣí i, wọ́n rẹ́rìn-ín. ‘Aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá! Ẹ̀yin nìkan lẹ fẹ́ràn iṣẹ́ yìí.’ Mo ń ka orí tó wà níwájú mi. Pàṣán ti dé ọ̀dọ̀ ẹnì kẹta.”

Àmì mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Géètì kò tíì ṣí ní aago méje. Ẹnì kan ti fọwọ́ sí ìwé kí géètì tó ṣí. Gàrí ti dín kù, láàrin ọjọ́ kan tí kò sí ẹnikẹ́ni nínú ilé-ìwé. Àwọn ọmọ tó kà á rẹ́rìn-ín sí kọ́pà, wọ́n káàánú ọmọ JSS1, wọ́n ń bẹ̀rù pàṣán. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ aago. Ọ̀rọ̀ gàrí yẹn pàápàá, ìbéèrè ọmọ kan ló bí i: “Odindi ọjọ́ kan àti òru méjì, kí ni wọ́n jẹ?” Ìbéèrè tí òǹkàwé bá bi ìwé rẹ, wò ó dáadáa kí o tó dí i bí ihò. Ó lè jẹ́ ibẹ̀ ni àmì tó dára jù wà.

Ọ̀rọ̀ fóònù náà lọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ń sá fún fóònù nítorí pé ó ń tètè tú àṣírí, wọ́n á ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí, wọ́n á ní ó jábọ́ sómi. Nínú ìwé yìí, ọmọ SS2 gba fóònù ìyá rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀, ó fi ìbéèrè iṣẹ́ àṣetiléwá ránṣẹ́ sí Àǹtí Lítíréṣọ̀ lórí WhatsApp. Àmì WhatsApp kan ṣoṣo, tó túmọ̀ sí pé kò tíì dé fóònù Àǹtí, ló wà lára ọ̀rọ̀ náà ní gbogbo ọjọ́ náà. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn tí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ ilé-ìwé, ó di méjì. Kò sí iná ní àdúgbò ní Ọjọ́bọ̀, nítorí náà kò ṣe ẹnikẹ́ni ní kàyéfì. Ọmọ tó ń lo WhatsApp lójoojúmọ́ mọ ìtumọ̀ àmì méjèèjì dénú, kò kàn rò ó dé ibẹ̀ ni.

Ẹni tí ọmọ náà fẹ́ràn

Nínú ẹ̀dà àkọ́kọ́, awakọ̀ kan tó wọ ìtàn ní orí 19 ni olè. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n, kò sí ẹni tí ó dùn pé òun ni. Nígbà tí olè di obìnrin, òǹkọ̀wé mú ìyá olóúnjẹ. Mo ta kò ó. Tálákà inú ilé-ìwé ni ìyá olóúnjẹ, òun sì ni gbogbo èèyàn máa ń kọ́kọ́ fura sí láyé. Ìwé ọmọdé kò gbọdọ̀ fi orúkọ rẹ̀ parí. Mo bi òǹkọ̀wé léèrè pé nínú gbogbo obìnrin inú ìwé rẹ̀, ta ni ọmọ SS2 náà fẹ́ràn jù. Ó pẹ́ kó tó dáhùn, nítorí ó mọ ohun tí mò ń bọ̀ wá sọ. Àǹtí Lítíréṣọ̀ ni: ẹni tó ń yá a níwèé, tó ní yóò di òǹkọ̀wé lọ́jọ́ kan, tó tún ń sọ fún un pé kó má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin láíbìrì sú u.

“Olùkọ́ lèmi náà,” ni ó wí. “Ṣé ẹ fẹ́ kí àwọn ọmọ máa wò wá bí olè ni?” Ó gbé ìwé náà tì fún ìgbà pípẹ́.

Owó oṣù ló ṣí ọ̀nà fún un. Ilé-ìwé aládàáni inú ìwé jẹ Àǹtí Lítíréṣọ̀ ní oṣù mẹ́ta. Ìyá wọn ń ṣàìsàn, wọ́n ti yá owó sọ̀gúndogójì, ẹni tó yá wọn sì ti ń wá sí ẹnu ọ̀nà wọn. Wọ́n ṣí dúrọ́ọ̀ akápò láti mú iye tí ilé-ìwé jẹ wọ́n, kí wọ́n sì dá a padà lọ́jọ́ Ajé tí wọ́n bá sanwó. Inú àpò kan ṣoṣo ni gbogbo owó wà. Títí dé ibí yìí, òǹkàwé lè bá wọn káàánú. Ohun tí kò ṣeé gbàgbé ni ọjọ́ Ẹtì: wọ́n jókòó nínú ìpàdé tí wọ́n ti fi ẹ̀sùn kan ọmọkùnrin náà, wọ́n sì dákẹ́. Owó tí wọ́n mú kéré sí ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Òǹkọ̀wé kọ ìpàdé náà láì fi ìbínú kún un, olùkọ́ tó mọ ìpọ́njú olùkọ́ ló kọ ọ́, mo sì gbà pé ibẹ̀ ni ìwé náà ti di ìwé gidi.

Ọmọ SS2 kò dúró láàrin gbogbo ilé-ìwé láti na ìka sí wọn, kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ó dá ìwé tí Àǹtí yá a padà, ó sì fi bébà kan sínú rẹ̀: aago géètì, aago ìfọwọ́sí, gàrí, àmì kan tó di méjì. Ó kọ orúkọ ọmọkùnrin náà sísàlẹ̀, kò kọ ohun mìíràn. Àǹtí fẹsẹ̀ ara wọn lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé ní ọjọ́ kejì. Ọmọ náà gba orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ là, ó sì pàdánù ẹni tó kọ́kọ́ ní yóò di òǹkọ̀wé. Àwọn ọmọ tó kà á ṣì ń jiyàn bóyá ó yẹ kó lọ sọ fún ìyá rẹ̀ dípò bẹ́ẹ̀. Òǹkọ̀wé kò dá sí i.

Ohun tí mo ń bá àwọn òǹkọ̀wé ṣe báyìí

Láti ìgbà náà, kí n tó ka orí 1 ìwé èyíkéyìí tó jẹ́ irú èyí, mo máa ń ní kí òǹkọ̀wé kọ ohun tí akọni rẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣe sílẹ̀ fún mi: ní ilé-ìwé, ní ilé, ní ìlú. Bí ó bá kọ ohun mẹ́ta péré, a jẹ́ pé kò tíì mọ ibi tí ìtàn rẹ̀ wà. Mo tún ń bi í pé kí ni gbogbo ará ìlú gbà láì rò ó. Ní Ìkòròdú, Orò ni. Ní Bádágìrì ó lè jẹ́ Sàngbétò tó ń ṣọ́ òru, tí ẹnikẹ́ni kò retí pé olè lè rìn nígbà tó bá wà níta. Ní Ẹ̀pẹ́ ó lè jẹ́ ọkọ̀ ojú omi tí gbogbo èèyàn mọ aago tó ń gbéra, tí ẹni tí kò bá bá a lọ kò sì lè dé òdìkejì ọ̀sà. Kí òǹkọ̀wé má fi ṣe ọ̀ṣọ́. Kó wo àlàfo tó wà láàrin ohun tí òfin sọ àti ohun tí èèyàn gbọ́.

Ní ti ọ̀rọ̀ ẹnu, ẹ jẹ́ kí ọmọ sọ̀rọ̀ bí ọmọ. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ ìwé yìí kún fún òwe láti ẹnu àwọn ọmọ SS2, àwọn ọmọ SS2 gidi sì ń wo ara wọn lójú. Òwe ṣẹ́ ku sí ẹnu máígádì àti ìyá àgbà, níbi tó ti máa ń dún.

Bí ẹ bá sì fẹ́ fún àwọn ọmọ kà, ẹ má bi wọ́n bóyá ó dùn. Wọ́n á ní ó dùn, torí pé àǹtí ló béèrè. Ẹ fún oníkálukú ní bébà kékeré ní ìparí orí kọ̀ọ̀kan, kó kọ orúkọ ẹni tó ń fura sí àti ìdí kan ṣoṣo, kó ká a, kó jù ú sínú agolo, kẹ́nikẹ́ni má rí tẹnìkejì. Bí gbogbo bébà bá kọ orúkọ kan náà ní orí 6, àmì yín ti hàn jù. Bí wọ́n bá kọ oríṣiríṣi orúkọ láìsí ìdí kankan nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹ ò tíì fún wọn ní àmì tó tó, wọ́n kàn ń méfò ni. Ní ẹ̀dà tó kẹ́yìn nínú ìwé yìí, orúkọ mẹ́ta ló ń jáde títí dé orí 17, pẹ̀lú ìdí tó mọ́gbọ́n dání lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní orí 18, bébà kan jáde tí wọ́n ti kọ “máígádì” sí, tí wọ́n pa á rẹ́, tí wọ́n wá kọ “aago géètì???” sísàlẹ̀. Òǹkọ̀wé fi bébà yẹn sínú àpò rẹ̀, ó sì ní kí n máa kó ìwé náà lọ fún ilé ìtẹ̀wé.